Fáìlì Tí Mo Fi Ìṣẹ́jú 11 Tì

Ìṣẹ́jú 11 ni mo lò lórí fáìlì náà. Kì í ṣe èmi ni mo kà á, ẹ̀rọ ni. Ní iléeṣẹ́ adójútòfò ńlá tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà yẹn, kò sí ohun tí òṣìṣẹ́ ń ṣe tí ẹ̀rọ kì í kà: iye ìgbà tí fóònù dún kí o tó gbé e, iye ìṣẹ́jú tí o fi bá oníbàárà sọ̀rọ̀, iye èyí tí o fi kọ àkọsílẹ̀ lẹ́yìn tí ẹni náà ti lọ, àti iye ìgbà tí o fi àga sílẹ̀. Bóyá ohun tí o sọ fún oníbàárà tọ̀nà, èèyàn ló ń yẹ ìyẹn wò. Ìpè mẹ́rin lóṣù ni wọ́n ń gbọ́ nínú ti ẹnì kọ̀ọ̀kan wa, fọ́ọ̀mù tí wọ́n sì ń kún ń béèrè bóyá o dárúkọ oníbàárà, bóyá o bá a kẹ́dùn, bóyá o dúpẹ́ kí o tó gbé fóònù sílẹ̀.

Mo ń kọ ọ̀rọ̀ fáìlì yìí nítorí ìbéèrè kan tí àwọn èèyàn kì í yéé bi mí. Tí wọ́n bá ti gbọ́ pé ẹ̀ka kíláìmù ni mo wà, níbi tí a ti ń yẹ ìbéèrè owó àwọn oníbàárà tí òfò ṣe wò, wọ́n á rẹ ohùn sílẹ̀, wọ́n á ní ṣé lóòótọ́ ni àwọn ọ̀gá máa ń pàṣẹ pé kí ẹ má sanwó fún èèyàn. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo lò níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò pa irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ fún mi rí. Ohun tí mo ṣe fún obìnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, kò gba àṣẹ.

Omi inú ògiri

Ọjọ́ Ajé ni obìnrin náà pè. Páìpù omi tó gba inú ògiri kọjá ti bẹ́ lóru. Kí ilẹ̀ tó mọ́, omi ti dé ẹnu ọ̀nà yàrá kejì, ilẹ̀ onípákó inú yàrá méjèèjì ti wú, etí pákó ti ń ká sókè. Kò pariwo. Ó ka nọ́ńbà ìwé àdéhùn rẹ̀ fún ẹni tó gbé fóònù, ó dáhùn gbogbo ohun tí wọ́n bi í, wọ́n sì ṣí fáìlì fún un. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, fáìlì náà ti wà lórí mi.

Ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ ṣàlàyé, torí orí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ dúró lé. Ìwé àdéhùn adójútòfò ilé kì í sanwó fún gbogbo omi tó bá ba ilé jẹ́. Omi tó bẹ́ lójijì, tí onílé kò lè mọ̀ tẹ́lẹ̀, ìyẹn wà nínú àdéhùn. Èyí tó ń kán tó-tó-tó láti oṣù dé oṣù títí ògiri fi jẹrà, ìyẹn kò sí níbẹ̀. Ìtọ́jú ilé ni wọ́n kà á sí, ọwọ́ onílé ló sì wà. Ọgbọ́n wà nínú ìyàtọ̀ yìí o, n kò bú u. Ohun tí kò dájú pé yóò ṣẹlẹ̀ ni adójútòfò wà fún. Tí a bá ní ká máa san ohun tó ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀ lójú oní-ǹkan, owó tí gbogbo èèyàn ń dá jọ kò ní tó, ẹni tó ń tún ilé rẹ̀ ṣe lásìkò ni yóò sì máa sanwó fún ẹni tó jókòó wò ó.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé omi kì í sọ ọjọ́ tó wọlé. Àmì la fi ń mọ̀ ọ́n. Ẹni tí iléeṣẹ́ rán lọ wo ilé náà ya fọ́tò 22, ó kọ ìròyìn ojú ewé mẹ́ta. Nísàlẹ̀ ògiri, nítòsí ibi tí páìpù ti bẹ́, ó rí àbàwọ́n tó ṣe róbótó bí òrùka, ọ̀kan nínú èkejì, tí àwọ̀ wọn pọ́n bí irin tó dógùn-ún. Omi tó bá rin ògiri tó sì gbẹ máa ń fi ìlà sílẹ̀ ní etí ibi tó dé. Tí ògiri bá rin lẹ́ẹ̀kan, ìlà kan ni. Tí ìlà bá di mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tí wọ́n yí ara wọn ká, ògiri náà ti rin, ó ti gbẹ, ó ti tún rin. Kò sí òṣìṣẹ́ kíláìmù tí kò mọ̀ ọ́n. Lójú ewé àkọ́kọ́ ìròyìn náà, níbi tí wọ́n ti kó ọ̀rọ̀ jọ, wọ́n kọ ọ́ pé àmì ara ògiri "bá ti omi tó ti ń jò fún ìgbà pípẹ́ mu."

Bá a mu. Kò sọ pé òun ni. Èmi kà á bí ẹni pé ó sọ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì tó parí oṣù

Fáìlì 143 ló wà lórí mi lọ́jọ́ tí ìròyìn náà dé. Ọjọ́ Ẹtì ni, ọjọ́ iṣẹ́ tó kẹ́yìn nínú oṣù. Fáìlì tó bá ti lo ọjọ́ 30 tí a kò tíì tì í, kọ̀ǹpútà á sọ ọ́ di pupa, pupa náà á sì hàn lórí pátákó ńlá tó wà lára ògiri, níbi tí orúkọ àwa méjìlá ti wà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá ń wọlé, pátákó yẹn ló máa kọ́kọ́ kí.

Àwọn tó wà lókè ní ìdí tiwọn, ìdí náà kì í sì í ṣe ìkà. Kíláìmù kọ̀ọ̀kan tó ṣì wà ní ṣíṣí, iléeṣẹ́ ti ya owó kan sílẹ̀ dè é. Èmi òṣìṣẹ́ ni mo máa ń fojú bu iye tó ṣeé ṣe kí kíláìmù náà gbà. Màá tẹ̀ ẹ́ sínú àpótí kékeré kan lójú kọ̀ǹpútà, màá sì gbàgbé rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìṣirò iléeṣẹ́ kì í gbàgbé. Wọ́n á kó ohun tó wà nínú gbogbo àpótí wọ̀nyẹn jọ, wọ́n á fi iye tí wọ́n rò pé àwọn òfò tó ti ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni ò tíì wá sọ, máa gbà kún un, àpapọ̀ rẹ̀ á sì wọ inú ìwé ìṣirò gẹ́gẹ́ bí gbèsè. Fáìlì tó bá dúró láìnídìí ń di owó mú láìnídìí. Nígbà tí àwọn ọ̀gá bá ní ká ti fáìlì, ọ̀rọ̀ wọn mọ́gbọ́n dání. Ó kàn jẹ́ pé kí ọ̀rọ̀ náà tó sọ̀ kalẹ̀ láti ọ̀dọ̀ wọn dé orí tábìlì mi, nọ́ńbà nìkan ló máa ń ṣẹ́kù nínú rẹ̀.

Fáìlì mẹ́fà ló kù kí n tó bá tágẹ́ẹ̀tì mi. Aago mẹ́rin ti kọjá. Mo ka ojú ewé àkọ́kọ́ ìròyìn náà, mo wo fọ́tò àwọn òrùka, mo ṣí àkójọ àwọn ìdí tí ẹ̀rọ ti tò sílẹ̀ fún wa, mo mú "jíjò díẹ̀díẹ̀". Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló kọ lẹ́tà. Mo yẹ orúkọ àti àdírẹ́sì wò, mo tẹ̀ ẹ́, ó lọ. Mo ti fáìlì márùn-ún mìíràn kí n tó dìde, inú mi sì dùn nígbà tí mo dìde, n ò ní purọ́. Máàkì mi lóṣù yẹn jẹ́ 96 nínú 100.

Kí n tó délé, n kò rántí orúkọ obìnrin náà mọ́. "Omi ọjọ́ Ajé" ni mo ń pè é lọ́kàn mi. Bí gbogbo wa ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. "Iná rẹ ti pè o." "Olè méjì ṣì wà lọ́wọ́ mi." "Ta ló ń mójú tó igi tó wó lu mọ́tò?" Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé á rẹ́rìn-ín, tó bá di oṣù kẹta, òun náà á máa sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ṣàlàyé ní 2019 ohun tí wọ́n ń pè ní burnout, ìyẹn ohun tí wàhálà iṣẹ́ tí a kò bójú tó ń sọ èèyàn dà, ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n ní ó máa ń gbà hàn: agbára á tán nínú ẹni náà, ọkàn rẹ̀ á jìnnà sí iṣẹ́ rẹ̀ tàbí kó máa fojú burúkú wò ó, iṣẹ́ náà kò sì ní já geere lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Èyí àkọ́kọ́ àti ẹ̀kẹta, èèyàn máa ń mọ̀ ọ́n lára. Ti àárín yẹn ni kì í dun ni.

Bàbá Arúgbó

Lára orúkọ méjìlá tó wà lórí pátákó, ti ìsàlẹ̀ pátápátá kì í yí padà. Obìnrin kan ni, ó ti lé ní ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́ kíláìmù kí n tó dé ibẹ̀, ẹ̀gbọ́n ni gbogbo wa ń pè é. Iléeṣẹ́ kékeré kan tí iléeṣẹ́ wa rà ló bá wá. Nígbà tí wọ́n da iléeṣẹ́ méjèèjì pọ̀, wọ́n kó orúkọ àwọn oníbàárà, àdírẹ́sì wọn àti iye tí wọ́n ń san sínú ẹ̀rọ tuntun. Àwọn kíláìmù àtijọ́, fọ́tò wọn àti rìsíìtì wọn, ibi tí wọ́n wà náà ni wọ́n fi wọ́n sí.

Ẹ̀rọ àtijọ́ yẹn ṣì ń ṣiṣẹ́. Bàbá Arúgbó la ń pè é, torí tí o bá bi í ní ọ̀rọ̀, wàá jókòó tì í kó tó dáhùn. Ojú rẹ̀ dúdú, lẹ́tà rẹ̀ ní àwọ̀ ewé, máòsì kò wúlò nínú rẹ̀. Tí o kò bá wọlé síbẹ̀ fún ọjọ́ 30, páásíwọ́ọ̀dù rẹ á kú, fọ́ọ̀mù lo sì máa kún kí wọ́n tó jí i fún ọ. Èyí tó burú jù ni pé ní gbogbo ìgbà tí o bá wà lọ́dọ̀ Bàbá, ẹ̀rọ tuntun ò rí ọ. Ó gbà pé o ti dìde. Ó ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé o kò ṣiṣẹ́.

Ẹ̀gbọ́n máa ń wọ ibẹ̀ lórí gbogbo fáìlì. Gbogbo ẹ̀. Tí a bá rí i tó fọwọ́ lẹ́rán níwájú kọ̀ǹpútà, a ó ní ó ti lọ kí Bàbá. Èmi náà wà lára àwọn tó ń rẹ́rìn-ín.

Obìnrin onílé náà kọ̀wé ẹ̀hónú. Ó fọwọ́ kọ ọ́, ojú ewé kan péré. Ẹ̀hónú kì í padà sọ́wọ́ ẹni tó ti fáìlì, wọ́n máa ń pín in ni, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ló sì bọ́ sí. Ọjọ́ mẹ́rin ló lò lórí rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, ó yí àga rẹ̀ sọ́dọ̀ mi.

"Àbúrò, ṣé o wo fọ́tò kẹrìnlá?"

Mo ní, "Fọ́tò kẹrìnlá wo, ẹ̀gbọ́n?"

"Wá."

Fọ́tò páìpù náà ni, lẹ́yìn tí oníṣẹ́ omi ti gé e jáde. Páìpù bàbà ni. Ó là ní gígùn, ó tó ìka kan, bí ẹni pé wọ́n fi ọ̀bẹ là á. Etí ibi tó là ń dán.

"Bàbà tí omi bá ti ń jò lára rẹ̀ fún oṣù mélòó kan," ẹ̀gbọ́n ní, "ó máa ń hu nǹkan aláwọ̀ ewé. Èépá á bò ó. Wo èyí dáadáa. Ṣé o rí èépá níbẹ̀?"

N kò rí i. Ó jẹ́ kí n wò ó tó. Kò tíì tán lẹ́nu rẹ̀. Ó tẹ bọ́tìnnì kan, ojú dúdú Bàbá Arúgbó yọ síta, ó fi ìka tọ́ka sí ìlà kan: kíláìmù ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, ilé kan náà, ògiri kan náà. Páìpù ló ń jò nígbà yẹn lóòótọ́, àdéhùn iléeṣẹ́ kékeré náà sì gba irú rẹ̀, nítorí náà wọ́n san án. Wọ́n yọ páìpù tó ń jò, wọ́n fi tuntun sí i, rìsíìtì oníṣẹ́ omi wà níbẹ̀. Wọn ò wó ògiri, wọ́n kàn kùn ún ni. Fọ́tò ìgbà yẹn náà wà níbẹ̀. Òrùka mẹ́ta, ọ̀kan nínú èkejì.

Àbàwọ́n tí wọ́n bá kùn mọ́lẹ̀, omi tuntun lè fà á jáde padà gba inú ọ̀dà. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n kọ́ wa. Òrùka tí mo fi ti fáìlì obìnrin yẹn mọ́ ọn lójú, iléeṣẹ́ wa kan náà yìí ni ẹ̀rí rẹ̀ wà, ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án péré ni màá fi dúró de Bàbá kó tó kó o sílẹ̀ níwájú mi.

Òwe kan wà tí gbogbo wa mọ̀, pé agbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹ̀gbọ́n kò pa á fún mi. Èmi ni mo fi ẹnu ara mi pa á, kí ó lè dà bí ẹni pé mo ti ronú pìwà dà. Ó wò mí, ó ní: "Ìwọ ò tilẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kankan. Ojú ewé àkọ́kọ́ lo gbọ́."

Ìṣẹ́jú 52

Ó pe obìnrin náà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ onípákó ni wọ́n máa sọ, àti ti owó. Ó dé ibẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìgbẹ̀yìn ìpè ló débẹ̀. Ohun tó gba èyí tó pọ̀ jù nínú àkókò náà ni gbólóhùn kan nínú lẹ́tà tí ẹ̀rọ kọ, èyí tí mo fọwọ́ sí láì kà á dópin: "ó yẹ kí ẹ ti ṣàkíyèsí rẹ̀." Obìnrin tó ń nu ilé rẹ̀ lójoojúmọ́, a kọ̀wé sí i pé ó jókòó, ó ń wo ògiri rẹ̀ bó ṣe ń jẹrà, lẹ́yìn náà ó wá fẹ́ gba owó lọ́wọ́ wa. A kò kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe kà á, n kò sì mọ bí èèyàn ṣe lè kà á lọ́nà mìíràn.

Ohùn ẹ̀gbọ́n nìkan ni mo ń gbọ́. "Rárá, ma. Ẹ ò purọ́. Àwa ni a kò wò ó." Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, lórí fóònù tí wọ́n ń gbà sílẹ̀, lẹ́nu ẹni tó mọ̀ dájú pé wọ́n ti kọ́ wa pé kí a má ṣe gba ẹ̀bi lórí fóònù láé.

Arlie Hochschild, onímọ̀ nípa àwùjọ ní Amẹ́ríkà, ló sọ irú iṣẹ́ tí èèyàn ń fi ọkàn ṣe lójú oníbàárà di ohun tí gbogbo ayé ní orúkọ fún, ní 1983. Àwọn tó ń tọ́jú èrò nínú ọkọ̀ òfuurufú ló kọ́kọ́ wò, àwọn tó gbọ́dọ̀ máa rẹ́rìn-ín, ó sì tún wo àwọn tó ń gba gbèsè, àwọn tó gbọ́dọ̀ máa fajú ro. Òṣìṣẹ́ kíláìmù ń ṣe méjèèjì, nígbà mìíràn nínú ìpè kan ṣoṣo: o máa bá a kẹ́dùn, o máa sì sọ fún un pé kò sí owó. Ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu ẹ̀gbọ́n lọ́jọ́ náà kì í ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì. Kò fi ohùn kẹ́dùn rárá. Ńṣe ló ń sọ ohun tó rí fún un, fọ́tò tẹ̀lé fọ́tò.

Nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀, mo ní mo rántí ohun tí wọ́n kọ́ wa lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ nípa òtítọ́ inú, pé oníbàárà gbọ́dọ̀ sọ gbogbo ohun tó mọ̀ fún iléeṣẹ́ adójútòfò. Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá gba ẹ̀kọ́ iṣẹ́ yìí ló máa ń gbọ́ nípa ẹjọ́ Carter àti Boehm ní ọdún 1766, níbi tí adájọ́ Lord Mansfield ti fi ìlànà náà lélẹ̀ ní London. Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín. Ó bi mí ta ló jàre nínú ẹjọ́ náà. N kò mọ̀. Láti ìgbà tí mo ti dé ibẹ̀, mo ti ń fi ẹjọ́ yẹn lé oníbàárà sẹ́yìn láì mọ ẹni tó jàre.

Oníbàárà ló jàre. Gómìnà odi kan ní erékùṣù Sumatra ló gba adójútòfò nítorí kí ọ̀tá má bàa gba odi náà. Àwọn ará Faransé gbà á. Adójútòfò ní òun kò ní san, pé gómìnà fi bí odi náà ṣe jẹ́ aláìlágbára pa mọ́ fún òun. Mansfield ní òtítọ́ inú kan tọ̀tún tòsì, ẹni méjèèjì ni kò gbọ́dọ̀ fi ohun tó mọ̀ nìkan pa mọ́ fún ẹnì kejì, adójútòfò náà sì lè mọ ohun tó ní wọn fi pa mọ́ fún òun tó bá béèrè. "Tó bá béèrè," ẹ̀gbọ́n tún un sọ, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

"Ibo ni kí n kọ ọ́ sí?"

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, súpáfáísọ̀ wa pe ẹ̀gbọ́n sí yàrá onígíláàsì. Ẹ̀gbọ́n ló sọ fún mi ohun tí wọ́n sọ, kò sì fi kún un, torí kì í ṣe irú èèyàn bẹ́ẹ̀. Ó lo ọjọ́ mẹ́rin lórí ẹ̀hónú kan. Ó lo ìṣẹ́jú 52 lórí ìpè kan. Ẹ̀rọ kọ ọ́ pé kò sí lórí iṣẹ́ fún wákàtí tó lé ní mẹ́rin lọ́sẹ̀ náà. Wọ́n fún un ní ìwé àtúnṣe iṣẹ́, oṣù mẹ́ta, pẹ̀lú tágẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kọ síbẹ̀.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka súpáfáísọ̀ náà sí ẹni burúkú. Ó ti ṣe iṣẹ́ wa rí, ó sì mọ̀ ọ́n. Ẹ̀gbọ́n gbé fọ́tò kẹrìnlá sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó wò ó, ó mi orí. Ó ní: "Ma, mo mọ̀ pé ẹ tọ̀nà. Ṣùgbọ́n ibo ni kí n kọ ọ́ sí?" Fọ́ọ̀mù náà ní àyè mẹ́fà. Kò sí èyí tí ohun tí ẹ̀gbọ́n ṣe lè wọ̀ nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Òun náà sì ní pátákó tirẹ̀ lókè, níbi tí orúkọ àwọn súpáfáísọ̀ wà léra.

Mo lọ wo máàkì mi. Mo rò pé nígbà tí fáìlì tí mo tì bá tún ṣí, 96 yẹn á wálẹ̀. Kò wálẹ̀. Kíláìmù tí wọ́n bá tún ṣí máa ń gba nọ́ńbà tuntun, ìsọ̀rí ẹ̀hónú ló sì ń lọ. Títì tí mo tì í ṣì wà ní àwọ̀ ewé lórúkọ mi. Nígbà tí ọ̀rọ̀ obìnrin yìí parí, ìwé iléeṣẹ́ fi hàn pé a ti ti fáìlì mẹ́ta: èyí tí mo kọ̀, ẹ̀hónú tí ẹ̀gbọ́n yanjú, àti èyí tí wọ́n fi sanwó. Òfò kan, iṣẹ́ mẹ́ta. Ká ní mo ti wò ó dáadáa lọ́jọ́ Ẹtì yẹn, iléeṣẹ́ ì bá ti ṣe iṣẹ́ tó dín sí i lójú ara rẹ̀.

Owó tí wọ́n padà san náà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Omi kì í dúró de lẹ́tà. Ògiri tó rin tí wọn ò fi ẹ̀rọ gbẹ, ọjọ́ kan sí méjì tó fún un láti bẹ̀rẹ̀ sí í hu nǹkan dúdú, ti obìnrin yìí sì wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà nígbà tí a ń kọ̀wé síra wa. Yàrá méjì tó yẹ ká tún ṣe ti di mẹ́ta, apá ìsàlẹ̀ ògiri pẹ̀lú. Àpótí kékeré tí mo ti sọ di òfo lọ́jọ́ Ẹtì, ẹlòmíràn ló wá tẹ iye tó pọ̀ sí i sínú rẹ̀.

Lẹ́tà tó gba orúkọ mi

Lẹ́tà tí wọ́n fi sọ fún obìnrin náà pé owó rẹ̀ ti ń bọ̀, ẹ̀rọ ló kọ òun náà. Nísàlẹ̀ rẹ̀, níbi tí orúkọ òṣìṣẹ́ máa ń wà, ẹ̀rọ fi orúkọ ẹni tí fáìlì kọ́kọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ síbẹ̀. Orúkọ mi.

Wọ́n fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí i lẹ́yìn náà, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, pé kí ó fún òṣìṣẹ́ tó ràn án lọ́wọ́ ní máàkì láti 0 dé 10. Ó fún mi ní 10. Ó tún kọ ọ̀rọ̀ sísàlẹ̀ rẹ̀, pé ẹni náà ní sùúrù, pé ó wo ohun tí ẹlòmíràn kò wò, pé òun ló kọ́kọ́ sọ fún un pé kò purọ́. Súpáfáísọ̀ ka ọ̀rọ̀ náà sókè nínú ìpàdé àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Ẹ̀gbọ́n náà pàtẹ́wọ́, kò sì sí ẹ̀gàn lójú rẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kí ó ṣòro fún mi láti gbójú sókè.

Mo lọ bá súpáfáísọ̀ lẹ́yìn ìpàdé, mo ní kì í ṣe èmi. Ó ní òun mọ̀. Ó gbìyànjú láti yí i níṣojú mi, ó tẹ orúkọ ẹ̀gbọ́n síbẹ̀, ẹ̀rọ pa á rẹ́. Ó tún un tẹ̀. Ó ní fáìlì tó bá ti wà ní títì, kò gba àtúnṣe mọ́. Nígbà náà, ìwé àtúnṣe iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún.

Kò dúró dé òpin rẹ̀. Iléeṣẹ́ ń fún àwọn tó bá fẹ́ lọ fúnra wọn ní owó nígbà yẹn, ó gbà á. Kò sunkún, kò bú ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́rú tó kẹ́yìn, ó kó àpò rẹ̀, ó sì fi ìwé pélébé kan sórí tábìlì mi. Bí èèyàn ṣe ń wọ ọ̀dọ̀ Bàbá Arúgbó ló kọ síbẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, títí kan ibi tí ó ti máa ń há àti bọ́tìnnì tí a ń tẹ̀ kó lè tú. Ó fa ìlà méjì sábẹ́ ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn: "Ọjọ́ 30. Má jẹ́ kó kú."

Mo kún fọ́ọ̀mù, wọ́n jí páásíwọ́ọ̀dù mi. Fáìlì tó kàn mí lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn jẹ́ ti àjà ilé tí omi ba jẹ́. Mo wọ ọ̀dọ̀ Bàbá, mo tẹ àdírẹ́sì náà, mo sì jókòó. Lára ògiri, orúkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ lórí pátákó. Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ni mo fi dúró. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo kọ ọ́ sínú fáìlì pé mo wò ó.